Camry 1999 mi ń gbóná jù, omi rẹ̀ ń dín kù, mi ò sì rí ibi tó ń jò

Adìó Asẹ́rò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ kówó síbi tí kò yẹ.

Camry 1999 ni mò ń wà, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 2.2 tí wọ́n ń pè ní 5S-FE. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn, tí mo bá gbéra láti Asẹ́rò tí mo dé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọ̀, gééjì ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Tí ọ̀nà bá là tí mo sì sáré díẹ̀, á padà sí àárín. Mo gba ọ̀nà Ìtòrì lọ sí Ifọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò gbóná rárá lórí ìrìn. Ìgbà tí mo wọ àárín ọjà Ifọ̀ ló tún gbé e dé.

Omi rẹ̀ ń dín kù. Láràárọ̀ ni mò ń bu omi kún rédíétọ̀. Kì í pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí kì í gbà á. Mo ti wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ títí, gbígbẹ ni. Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún un ṣe yọ thermostat rẹ̀ (ohun tó ń ṣí, tó ń pa ọ̀nà omi lọ sí rédíétọ̀ dé) kúrò lọ́dún tó kọjá, ó ní ilẹ̀ wa kò tutù, kò sí ohun tó ń ṣe. Ẹlòmíràn tí mo fi hàn lọ́sẹ̀ yìí ní top gasket (ìtẹ́lẹ̀ tó wà láàárín tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, àti búlọ́ọ̀kù) ti jó, kí n máa wá owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Kò sì ṣí nǹkan kan wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ṣọlá Onítakisí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Rédíétọ̀ yẹn ló ti dí, ẹ gbé e fún àwọn tó ń fọ̀ ọ́. Ti thermostat tí wọ́n yọ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn Micra tí a fi ń ṣe takisí níbi tí mo wà, mi ò mọ èyí tó ṣì ní in nínú. Òyìnbó ló nílò rẹ̀ nítorí yìnyín.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Adìó. Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná.

Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde láàárọ̀ kí ẹ tó sáná sí ọkọ̀. Ṣé ọ́ìlì ṣì ní àwọ̀ tó yẹ kó ní, àbí ó ti ń ṣe funfun tó ń yọ ìfófòó? Èéfín funfun ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́, ṣé ó ń tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná àbí kì í tán? Kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ṣé ó tutù? Fáànù méjì ló wà níwájú Camry yẹn, ṣé ẹ ti rí i kí méjèèjì yí? Irú omi wo lẹ̀ ń dà sí i? Ike omi kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ṣé omi inú rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò, àbí ojú kan ló ń dúró sí?

Ṣọlá, mo gbọ́ tiyín lórí thermostat. A ó padà síbẹ̀, torí kò rí bẹ́ẹ̀.

Adìó Asẹ́rò

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ọ́ìlì mọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Èéfín funfun máa ń yọ díẹ̀ láàárọ̀, tó bá pẹ́ díẹ̀ ó ti lọ. Kápẹ́ẹ̀tì gbẹ. Fáànù kan ni mo mọ̀ pé ó ń yí tí mo bá tan AC, mi ò kíyè sí ìkejì. Pure water ni mò ń dà sí i, tí kò bá sí mo máa ń fa omi kànga ilé wa. Mo ṣí rédíétọ̀ láàárọ̀ yìí, omi inú rẹ̀ ti pọ́n, ìpẹtà ni. Omi inú ike kékeré yẹn kì í lọ, kì í bọ̀. Ibi tí mo fi sí lóṣù tó kọjá náà ló wà.

Bàbá Àgbà Ìtọ̀kú

Adìó ọmọ mi, fetí sí mi díẹ̀ kí àwọn ọ̀gá tó máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 ni mo fi jẹun láàárín Abẹ́òkúta sí Èkó. Bàbà ni rédíétọ̀ tó wà lára tèmi. Tó bá jò, a ó gbé e lọ bá àwọn tó ń fi òjé jó o, ó parí. Ti ìsinsìnyí, alumíníọ̀mù ni àárín rẹ̀, ike ni orí àti ìdí rẹ̀. Ike kì í gba òjé. Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá nìkan ni wàhálà omi kò sí fún láyé ìgbà yẹn, torí atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára.

Ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ nìyí: má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń hó, bó ti wù kí o ń kánjú tó. Mo rí ọmọ kọ́ńdọ́ kan ní Pápáláńtò tó fi àkísà bo ìdérí, tó fi gbogbo ara yí i. Omi yẹn kò ṣàn, ó tú jáde ni, ó kọjá orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Apá rẹ̀ bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, àkísà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára débi pé a ò lè ṣí i kúrò kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Jẹ́ kó tutù pátápátá. Fọwọ́ tẹ hóòsì òkè. Tó bá ṣì le gbagidi, kúrò nídìí ìdérí.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀mí yín á gùn.

Adìó, ìdáhùn yín ti lanà fún mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń wò ó, kí ó lè yé yín nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe.

Ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Tó bá ń gbóná nígbà tó dúró tàbí tó ń rákò, tó wá ń tutù tí ẹ bá sáré, atẹ́gùn ni kò tó o, fáànù ni kí ẹ fura sí. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń gba àárín rédíétọ̀ kọjá fúnra rẹ̀, kò nílò fáànù. Tó bá jẹ́ pé orí ìrìn ló ti ń gbóná, tàbí tó bá gbé èrò tó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtọ̀kú, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ nígbà tó bá dúró, omi ni kò yí dáadáa: rédíétọ̀ ti dí, tàbí abẹ́bẹ̀ inú wọ́tà pọ́ǹpù ti jẹ, tàbí hóòsì ìsàlẹ̀ ti rọ̀, tó ń fún pọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa omi. Ti ẹ̀yin, ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín: Kútọ̀ ó gbóná, ọ̀nà Ìtòrì ó tutù, ọjà Ifọ̀ ó gbóná. Mo gbà pé fáànù kan ti kú. Ṣùgbọ́n fáànù kì í mu omi. Ibi tí omi ń gbà lọ ṣì wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ wá.

Omi lásán ń hó ní 100°C. Inú rédíétọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìkòkò pressure tí a fi ń se ẹ̀wà ni, ìdérí rẹ̀ ní sípíríńgì tó ń dá èéfín dúró. Ẹ wo orí ìdérí Toyota, ẹ ó rí 0.9 tàbí 1.1 tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Agbára tí sípíríńgì yẹn lè dì mú nìyẹn. Pẹ̀lú 0.9, omi lásán kò ní hó títí tó fi máa sún mọ́ 118°C, tí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ coolant (oògùn omi rédíétọ̀ tí wọ́n ń tà), ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí rọ́bà abẹ́ ìdérí bá ti gbẹ, tàbí tí ihò bíńtín bá wà níbì kan, agbára yẹn ò ní lè gbéra. Omi á tètè hó, èéfín á wọ àárín ẹ́ńjìnnì níbi tó yẹ kí omi wà, ooru ò sì ní rí ibi bá jáde. Ìdí nìyẹn tí jíjò tí kò kún ife lóòjọ́ fi lè sọ ẹ́ńjìnnì di ìdáná.

Ìdí kan náà ló mú kí ilẹ̀ yín gbẹ. Ó ń jò nígbà tí agbára bá wà nínú rẹ̀, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ̀kán omi náà sì ń gbẹ sórí irin kó tó balẹ̀. Láàárọ̀ tí gbogbo rẹ̀ ti tutù, agbára ti lọ, kò sí ohun tó máa tì í jáde. Ẹni tó bá ń wá a nígbà tí ọkọ̀ tutù láìfi agbára sí i, á wá a títí.

Ohun èlò kan wà fún un: pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní gééjì, ẹnu rẹ̀ ń wọ ẹnu rédíétọ̀ dípò ìdérí. Ẹ fi omi kún rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ de pọ́ǹpù mọ́ ọn, ẹ fọn ún dé iye tí ìdérí sọ, ẹ má kọjá a. Lẹ́yìn náà ẹ dúró. Tí ọwọ́ gééjì bá ń sọ̀ kalẹ̀, omi ń jáde níbì kan, ẹ sì lè fara balẹ̀ wá a láìsí pé irin kan ń jó yín lọ́wọ́. Gbogbo mẹkáníìkì kọ́ ló ní in, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ìpàdé ike àti alumíníọ̀mù lórí rédíétọ̀ kọ́kọ́, pàápàá ní igun tó sún mọ́ hóòsì òkè. Ó níye ọdún tí ike ń gbà kó tó gbó. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ tó ní èérí funfun tàbí àwọ̀ ìpẹtà tó gbẹ mọ́ ọn, omi ló gbabẹ̀ kọjá. Ẹ wo orí hóòsì gbogbo níbi tí kíláàmù ti dì í. Ẹ má gbàgbé hóòsì méjì tó ń lọ sí hítà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, wọ́n fara sin. Wọ́tà pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì yín wà lábẹ́ ìbòrí bélíìtì tímìnì, ó sì ní ihò kékeré kan tí wọ́n dìídì dá sí i. Tí rọ́bà inú pọ́ǹpù bá ti jẹ, ihò yẹn lomi ń gbà jáde. Tí ẹ bá rí ìlà ìpẹtà tó ń ti abẹ́ ìbòrí yẹn ṣàn bọ̀, ẹ má fi falẹ̀, torí bélíìtì tímìnì tó ń darí ẹ́ńjìnnì náà ló ń yí pọ́ǹpù yẹn.

Ike kékeré tí omi rẹ̀ kì í lọ kì í bọ̀ ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, omi yẹ kó ti rédíétọ̀ lọ sínú rẹ̀, tó bá tutù kí rédíétọ̀ fà á padà. Tí kò bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, yálà ìdérí ti bàjẹ́ tàbí atẹ́gùn ń gba ibi tó ń jò wọlé. Méjèèjì bá ohun tí mò ń rò mu.

Akin Ríwáyà Pánṣẹ́kẹ́

Iṣẹ́ mi ni fáànù, ẹ jẹ́ kí n fi kún un.

Ẹ sáná sí ọkọ̀, ẹ tan AC, ẹ wo iwájú. Ní ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà yẹn, ìdánwò kan tún wà: ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu sensọ̀ tó ń pàṣẹ fún fáànù nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON. Fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, torí bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, pé tí wáyà sensọ̀ bá já, kí fáànù máa ṣiṣẹ́ kí ẹ́ńjìnnì má jó. Tí kò bá yí, ẹ gbé wáyà bátìrì wá sí ẹnu mọ́tò fáànù náà tààrà. Tó bá yí báyìí, relay (síwíìṣì tó ń gbé iná fún fáànù), fíúsì tàbí wáyà ló ní ẹjọ́. Tí kò bá yí síbẹ̀, kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò ti jẹ tán. Ẹ pa ìka yín mọ́ o, fáànù iná lè gbéra nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú.

Ẹ tún ṣe èyí: ẹ mú ewé ìwé kan, ẹ gbé e síwájú gíríìlì nígbà tí fáànù ń yí. Fáànù yẹ kó fà á mọ́ra. Tó bá ń tì í dànù, ẹni tó so wáyà rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kejì so ó. Atẹ́gùn fáànù á wá máa bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Mo ti rí i lára ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀ lásán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so fáànù "direct", kó máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti sáná. Mọ́tò á tètè gbó, wáyà tí kò ní relay á gbóná, ẹ ò sì ní mọ̀ mọ́ nígbà tí sensọ̀ bá kú.

Màmá Ìbejì Ọbáńtokò

Ẹ kú làákàyè o. Corolla ni mo ní, kò tíì ṣe mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń gbé àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn gba Odẹ́dá. Tó bá gbóná mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà tí kò sí mẹkáníìkì, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n da omi lé ẹ́ńjìnnì lórí ni?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Rárá, Màmá. Ẹ má da omi tútù lé irin gbígbóná, ó lè sán. Bí gééjì bá ti ń kọjá ibi tó máa ń wà, ẹ pa AC. Ẹ tan hítà, ẹ fi sí ibi tó gbóná jù, ẹ ṣí gbogbo wíńdò. Ẹ ò ní gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnnì ló ń gbabẹ̀ jáde. Ẹ wá ibi tó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà sí i. Ìdérí ńkọ́? Bí Bàbá ti wí.

Ẹ má gbàgbé èyí: tí gééjì bá ti gòkè pátápátá, tó wá ṣàdéédé já wálẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń wà á, ẹ má dúpẹ́. Omi ti tán débi tí sensọ̀ ò kan omi mọ́ nìyẹn. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé: coolant tó ní ethylene glycol ládùn lẹ́nu, ó sì ń pani. Tó bá dà sí àgbàlá, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó, ẹ gbá a kúrò, ẹ fi omi ṣan ibẹ̀. Ewúrẹ́ tàbí ajá lè lá a. Ẹ má bù ú sínú ìgò rágólísì tí ọmọdé lè rò pé ohun mímu ni.

Káyọ̀dé Ìbarà

Ọ̀gá, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n bí ti àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, top gasket ló já sí. Omi ń dín kù, ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n fi àkókò ṣòfò lórí rédíétọ̀ títí tọ́ọ̀pù fi tẹ̀. Èmi ò bá ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kí n sinmi.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Káyọ̀dé, mi ò bínú. Ó lè jẹ́ gasket lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi bèèrè ọ́ìlì àti èéfín. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí ìfura tú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ sáná sí ọkọ̀ nígbà tó tutù pátápátá, ẹ fọwọ́ tẹ hóòsì òkè láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Omi ò tíì gbóná, kò yẹ kí agbára kankan wà nínú rẹ̀. Tí hóòsì bá ti le, èéfín inú sílíńdà ló ń wọ inú omi. Bí ẹ bá ṣí ìdérí kí ẹ tó sáná, ẹ máa rí ìfófòó tó ń ru sókè láìdáwọ́dúró. Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀, aró ni àwọ̀ rẹ̀. Tí èéfín ẹ́ńjìnnì bá wà nínú omi, ó máa di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ tún lè yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: sílíńdà tó ń mu omi, púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ máa ń mọ́ ju àwọn ìyókù lọ.

Tó bá já sí gasket pàápàá, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kọ́ ni àkọ́kọ́. Wọ́n á gbé tọ́ọ̀pù sílẹ̀, wọ́n á fi irin tó tọ́ gbọọrọ wọ̀n ọ́n bóyá ó ti tẹ̀. Lójú tó kan búlọ́ọ̀kù, 0.05 mm ni Toyota gbà láàyè lórí 5S-FE. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, onímáṣíìnì á fá a. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ò mọ bí ó ṣe gbóná tó níbi tó ti ń bọ̀.

Thermostat wàyí. Ṣọlá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ohun méjì ni thermostat ń ṣe. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó ń dí ọ̀nà rédíétọ̀. Tó bá gbóná, ó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ìdí rẹ̀ sì ń ti ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Omi gbígbóná á máa yí padà sínú ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń dé rédíétọ̀ á dín kù. Ìwé àtúnṣe Toyota gan-an kìlọ̀ pé kí a má yọ ọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ ń gbóná jù, torí ìtutù á dín kù ni. Ọ̀rọ̀ yìnyín kọ́ rárá. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá yọ ọ́ lára ọkọ̀ tó dáa.

Adìó Asẹ́rò

Ẹ kú àkíyèsí o. Mo ti rí ẹni tó ní pọ́ǹpù ìdánwò yẹn, lójú ọ̀nà Ayétòrò. Mo dúró tì í títí ó fi parí.

Ó fọn ún dé 0.9. Ọwọ́ gééjì dúró díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n tan fóònù mi sí ẹ̀yìn rédíétọ̀, lábẹ́ ibi tí hóòsì òkè ti wọlé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ike yẹn, kò gùn ju èékánná lọ, èérí pupa ti gbẹ yí i ká. Bó ṣe ń fọn pọ́ǹpù ni omi ń yọ níbẹ̀, ó ń kóra jọ, ó ń rọra sún kalẹ̀ lẹ́yìn alumíníọ̀mù. Tí kì í bá ṣe iná fóònù, mi ò bá má rí i. Nígbà tó jọ̀wọ́ pọ́ǹpù, ìlà yẹn pa ẹnu dé, kò jò mọ́.

Ó dán ìdérí náà wò, kò dúró dé 0.5. Fáànù rédíétọ̀ ò yí, a gbé wáyà bátìrì sí i, kò mira. Ti AC ló ń yí, ẹnì kan ti gé wáyà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì fi nylon wé e. Hóòsì òkè kò le nígbà tí a sáná sí i ní tútù, kò sì sí ìfófòó. Ó ní kí n fi rọ́bà gọ́ọ̀mù dí ike náà ná, tàbí kí n da oògùn stop leak sí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Ẹ yìn ín fún mi, ó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Lórí gọ́ọ̀mù, èmi ò ní gbà. Ike tó ti sán ti gbó níbi gbogbo, agbára á wá ibòmíràn gbà, ó sì lè jẹ́ lójú ọ̀nà Ṣàngó ni. Stop leak kò mọ ihò tí ẹ fẹ́ dí yàtọ̀ sí ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀ àti hítà. Ẹ ra rédíétọ̀ mìíràn. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́, kí wọ́n fi pọ́ǹpù yẹn dán an wò lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ ra ìdérí tuntun, mọ́tò fáànù, àti thermostat 82°C pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Kí Akin tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún wáyà yẹn so gba inú relay.

Kí wọ́n fi omi ṣan inú ẹ́ńjìnnì títí omi tó ń jáde á fi mọ́. Ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà tó lítà 7. Ẹ ra coolant, kí ẹ ka ara ike rẹ̀. Tí wọ́n bá ti pò ó tẹ́lẹ̀, ẹ má fi omi lé e. Tó bá jẹ́ ògidì, ẹ fi omi distilled pò ó ní ìdajì sí ìdajì. Pure water àti omi kànga ní iyọ̀ tó ń dì mọ́ ara irin, kò sì ní èyí tó ń dènà ìpẹtà, ẹ ti rí àwọ̀ tó dà. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ra coolant, ẹ má sì pa oríṣi méjì pọ̀.

Atẹ́gùn ló kù. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí òkè, ẹ ṣí hítà sí gbígbóná, ẹ rọra máa da omi sí i nígbà tí ìdérí wà ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì tútù. Ẹ sáná sí i, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, ẹ máa fi kún un bó ṣe ń sọ̀. Kó tó gbóná tó ń ru ni kí ẹ dé e. Ẹ dúró títí fáànù á fi gbéra tó fi dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì, kí hítà sì máa fẹ́ ooru gidi. Tí hítà bá ń fẹ́ tútù, atẹ́gùn ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ bu omi sí ike kékeré dé ibi tí wọ́n kọ FULL sí, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Adìó Asẹ́rò

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Bàbá, Akin, gbogbo yín, Ọlọ́run á san án fún yín. A ti ṣe gbogbo rẹ̀. Mo jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọ̀ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú AC, gééjì ò kúrò níbi tó wà, mo ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń gbéra tó ń dákẹ́. Omi inú ike kékeré ń gòkè tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ó ń padà tó bá tutù. Rédíétọ̀ kún dé ẹnu láàárọ̀ yìí, mi ò bu ohunkóhun sí i láti ọjọ́ tí a ti parí rẹ̀.

Ṣọlá Onítakisí

Ọ̀gá Láfẹ́nwá, mo ti kà á tán. Mo fẹ́ dá thermostat padà sínú Micra mi. Èyí tó wà lọ́jà, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ kí n tó jẹ́ kí wọ́n dè é?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ohun tí ìwé Micra yín sọ mu, ẹ má fi ti Toyota sí i. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò, kí ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ tí ẹ bá ní. Ti Toyota tí 82 wà lára rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84°C, nígbà tó bá sì máa di 95°C, ó yẹ kó ti ṣí tó 8 mm. Ẹ gbé e kúrò nínú omi, ó yẹ kó padà pa dé pátápátá bó ṣe ń tutù. Èyí tí kò ṣí títí omi fi hó, tàbí tí kò pa dé, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Nígbà tí ẹ bá ń dè é, irin bíńtín tó ń mì nínú ihò kékeré etí rẹ̀, òkè ni kó wà, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde tí ẹ bá ń bu omi sí i.